Lẹ́tà Rìbìtì Lára Ike Keje

“Ìwọ lo kọ ọ́! Má wò mí bí ẹni tí kò gbọ́, ìwọ lo kọ ọ́! Ta ló tún ń ya lẹ́tà oníkùn rogodo yìí nílùú yìí bí kò ṣe ìwọ?”

Ìyá Tíńtín ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń bá wí ti fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Onílẹ́tà ni gbogbo ayé ń pe àbúrò yìí, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: ó ń ya àwòṣe lẹ́tà fún àwọn tó ń ṣe pátákó, páálí àti ìwé ọmọdé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa ike yẹn.”

“O ò mọ̀? Lẹ́tà tí o fi kọ́ ọmọ mi ní A, B, D, òun ló wà lára ike májèlé, o wá ní o ò mọ̀! Ọmọ rí lẹ́tà àǹtí rẹ̀, ó ní nǹkan dídùn ni, ó gbé e mu! Bí Tíńtín bá kú, ìwọ lo pa á!”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi...”

“Màá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ! Àná lo gbé báàgì ẹ̀bùn wá sílé mi. Lónìí, májèlé wà nílé mi. Ṣé ológbò ló gbé e wá ni?”

Onílẹ́tà gbójú sókè. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti bàtà. Lókè orí àwọn méjèèjì, pátákó kan wà níbẹ̀: WỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN ỌMỌDÉ. Òun ló ya lẹ́tà rẹ̀. Rìbìtì lorúkọ tó sọ lẹ́tà náà. Ó nípọn, ó rí roboto, kò ní igun kan tó lè gún èèyàn. B rẹ̀ dà bí ẹni tó jẹun yó tó tún ń dúró de àwo kejì. O rẹ̀ dà bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ fọn fèrè. Ọmọ tó bá ń ké, tí wọ́n bá gbé e dé abẹ́ pátákó yẹn, a dákẹ́, a gbójú sókè wò ó. Lónìí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ pátákó náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi rọ́bà mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní aago méje àárọ̀, Tíńtín, ọmọ ọdún márùn-ún, jáde láti yàrá àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ike kan tó pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ó mu ẹnu kan, ó mu ìkejì. Ẹ̀kẹta ni igbe. Ìyá rẹ̀ ní òun ò rí ike náà rí. Bàbá rẹ̀ ní òun náà ò rí i rí. Ta ló wá kù, bí kò ṣe àǹtí tó wá kí wọn lánàá, tí lẹ́tà rẹ̀ sì wà lára ike náà gbàgàdà?

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bàtà yẹn sílẹ̀.”

Gbogbo wọn yíjú. Ọkùnrin kúkúrú kan ló sọ̀rọ̀, ọlọ́pàábìnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, Ọ̀gá Sùúrù sì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í gbóhùn sókè. Àwọn olè ìlú máa ń sọ pé ó sàn kí ọlọ́pàá míì tú ajá sí àwọn ju kí Ọ̀gá Sùúrù sọ fún àwọn pé “ẹ jọ̀ọ́” lọ.

Dókítà jáde, ó ń nu ojú. “Kọ́sítíìkì ni, omi tí wọ́n fi ń la páìpù tó dí. Wákàtí kan gbáko la fi wá ohun tó jẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa. Ó ti bó ọ̀fun ọmọ náà. Mi ò lè ṣèlérí kankan fún yín títí di ọ̀sán.”

Ọ̀gá Sùúrù gbé ike náà, tó ti wà nínú ọ̀rá, sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Níwájú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín: DÁN. Lẹ́yìn, ìlà mẹ́ta tó kéré, tó dúdú, tó dà bí èèrà tó kú sójú kan. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹnì kan ti fi bírò kọ nọ́ńbà síbẹ̀: 7.

“Ẹni tó kọ méje sídìí ike ti kọ ẹyọ mẹ́fà kó tó dé ibẹ̀,” ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Mẹ́fà yẹn dà? Ọmọ ta ló ń ṣí ìdérí ọ̀kan báyìí?”

Ìyá Tíńtín fúnra rẹ̀ gbé bàtà sílẹ̀. Onílẹ́tà rí ọwọ́ kékeré mẹ́fà lójú inú rẹ̀, tí wọ́n ń nà sí ohun tó pupa, tó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tíńtín fara ti fèrèsé, ó ga, ó gbẹ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Iléeṣẹ́ ọṣẹ ló ń bá tajà títí tí iléeṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. “Ọ̀gá, ṣebí ẹ ti rí ẹni tó ni lẹ́tà,” ló wí. “Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí wọn ò bá gba lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ẹlòmíràn ló kàn.”

Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó na bàtà Tíńtín méjèèjì sí bàbá rẹ̀. “Bàbá ọmọ, ẹ gbà.”

“Ẹ gbé e sórí àga,” ló dáhùn, ó fi àgbọ̀n júwe àga.

Ọ̀gá Sùúrù yíjú sí Onílẹ́tà. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ síbi iṣẹ́ yín.”

Nígbà tó gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́” yẹn, ó rántí ohun tí àwọn olè ìlú máa ń sọ.

*

Yàrá kan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fáànù ṣe. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Lẹ́tà bo gbogbo ògiri láti ilẹ̀ dé àjà. Ọlọ́pàábìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn sì tó fún Onílẹ́tà láti mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

“Lẹ́tà yín ni?” Ọ̀gá Sùúrù bi í.

“Tèmi ni, sà.”

“Ẹ̀yin lẹ tò ó sára ike?”

“Rárá, sà.”

“Gbogbo ẹni tí mo bá bi ló máa ń sọ pé rárá. Títí kan ẹni tó jí ewúrẹ́, tí ewúrẹ́ ń ké nínú àpò rẹ̀. Kí ni kó jẹ́ kí n gba tiyín gbọ́?”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Onílẹ́tà lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kò retí rẹ̀. Inú bí i. Ó tì í lójú pé inú ń bí òun nítorí iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ń bá ikú jà, ṣùgbọ́n inú bí i.

“Ọ̀gá, ẹ yí ike yẹn padà! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀! Ta ni orí rẹ̀ pé tó máa fi Rìbìtì kọ nǹkan tó kéré báyìí? Lẹ́tà yìí sanra! Bí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré, gbogbo ihò inú rẹ̀ á dí, yíǹkì á kún un, á wá dà bí ẹrẹ̀ tó ta sí aṣọ. Ìkìlọ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, sà. Ìkìlọ̀! ‘Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.’ Èmi tí mo ya lẹ́tà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó rí i kà!”

“Kí wá ni wọ́n ń fi í ṣe?”

“Ohun ńlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Orúkọ ìwé ọmọdé. Páálí ohun ìṣeré. Súìtì. Ẹnu ọ̀nà jẹ́léósinmi. Pátákó ibi tí àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, bó bá pọ̀ jù, mẹ́rin, kí ẹ sì fún un láyè kó mí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kọ ọ̀rọ̀ jàǹrẹ̀rẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé òkú, àfi bí òkú náà bá jẹ́ aláwàdà. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé e sára májèlé láéláé!” Ó na ìka sí ike náà. “Ọ̀gá, ohun tí lẹ́tà yìí ń sọ fún ọmọdé ni pé ‘máa bọ̀ wá.’ Ta ló máa gbé e sára ohun tó yẹ kó sọ pé ‘sá’?”

Ọ̀gá Sùúrù gbé ike náà dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wo DÁN ara ike, ó ń wo DÁN tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ìka kó jọ láàárín àwọn lẹ́tà ara ògiri.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ihò inú A yìí fi kéré ju ti ara ògiri lọ?”

Onílẹ́tà sún mọ́ ọn. Ó wò ó.

Ọ̀gá náà kò jìnnà sóòótọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé pátákó ilé ìwòsàn sókè, nọ́ọ̀sì kan pè é pé àwọn òbí tó dúró sẹ́nu géètì kò rí i kà, pé lókèèrè, A àti D dà bí òkúta méjì. Onílẹ́tà ò jiyàn. Ó padà sídìí iṣẹ́, ó la ihò inú A, B, D àti O, títí ó fi fẹ̀ bí ojú ẹja. Ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rí i pé ẹni tó ṣe pátákó náà pa tirẹ̀ rẹ́, torí ẹni tó bá tún aṣọ rán kì í tún wọ àkísà. Ó ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ọ̀gá Sùúrù.

“Ó dára. A oníhò kékeré yìí, ibo ló wà lónìí?”

Ó mọ ibi tó wà. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, tó lọ́ra bí ìgbín tó ń ronú, lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ti fún Tíńtín kó máa fi ṣeré. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà.

Ìyá wọn kú nígbà tí Onílẹ́tà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ ọ dàgbà, tó ran aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tó ra bírò àkọ́kọ́ tó fi ya lẹ́tà. Ṣé òun ni yóò wá na ìka sí ilé náà fún ọlọ́pàá, lọ́jọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ ń kú lọ? Ó di eyín pọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré mẹ́fà yẹn ò kúrò lójú inú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń nà.

“Ilé ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. Ó sọ nípa kọ̀ǹpútà náà.

“Ta ló ń lò ó?”

“Tíńtín.”

“Ta ló tún ń lò ó?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

Ọ̀gá Sùúrù kò kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù Onílẹ́tà.

“Wọn ò lẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ike, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ ni,” Ọ̀gá Sùúrù wí. “Èèyàn mélòó ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú?”

“Mẹ́ta ni wọ́n, sà. Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ti di olóṣèlú. Ó ku Bàbá Férémù.”

*

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Férémù ń rùn kẹrosíìnì àti yíǹkì láti ìta. Àwọn férémù onígi tí wọ́n na àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ló fara ti ògiri bí ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni ò kà. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní àwọ̀ mẹ́wàá.

“Onílẹ́tà, ọmọ mi! Ṣé ọlọ́pàá lo wá ń bá ṣọ̀rẹ́ báyìí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” Ọ̀gá Sùúrù gbé ike náà síwájú rẹ̀, “ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?”

Bàbá náà wo ike. Ó wo òrùlé. “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò rí i rí. Kálẹ́ńdà ni mo tẹ̀ lóṣù yìí, àti aṣọ eré ìdárayá ilé ìwé kan. Kò sí nǹkan míì.”

“Àǹtí,” Ọ̀gá Sùúrù ò wo ẹ̀yìn, “bí wọ́n bá fi férémù tẹ nǹkan tán, kí ni wọ́n ń ṣe sí i?”

“Wọ́n á fọ̀ ọ́, sà. Ibi tí lẹ́tà bá wà ni yíǹkì ń gbà kọjá nínú àwọ̀n. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ àwọ̀n náà fún iṣẹ́ míì.”

“Ṣé ó máa ń mọ́?”

Onílẹ́tà wo Bàbá Férémù. Bàbá náà ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà á láti má sọ ọ́.

“Kì í mọ́ tán, sà. Òjìji máa ń kù.”

Onílẹ́tà lọ sídìí ògiri fúnra rẹ̀. Ó gbé férémù àkọ́kọ́ sójú fèrèsé: òjìji ọjọ́ àti oṣù, ti kálẹ́ńdà. Ó gbé ìkejì: orúkọ ilé ìwé. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn pátápátá, ó kéré, ó ṣì tutù. Ó gbé e sókè. Nínú àwọ̀n funfun náà, bí ẹ̀mí tó yọ lójú omi, lẹ́tà mẹ́ta tó sanra hàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

DÁN.

Bàbá Férémù jókòó sórí garawa ọ̀dà. Kò wò bóyá ìdérí wà lórí rẹ̀.

“Méjìlá ni,” ló wí. “Ike méjìlá péré. Ó ní òun fẹ́ fi wo ojú ọjà ni.”

“Ó ku mọ́kànlá nìyẹn,” ni ọlọ́pàábìnrin náà wí lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ta ló gbé e wá?” Ọ̀gá Sùúrù bi í.

“Mo fi ọmọ mi búra, mi ò mọ orúkọ rẹ̀! Ó fi aṣọ bo imú. Ó ga. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí, torí ó bí mi nínú: láti ìgbà tó ti wọlé títí tó fi jáde, kò yọ ọwọ́ lápò. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ti ilẹ̀kùn mi, ọlọ́kadà ló bá a gbé ike wọlé! Fláàṣì tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ gan-an, ó ní kí n fúnra mi yọ ọ́ ní àpò àyà òun. Mo ní irú ìgbéraga wo rèé? Ṣé èmi ni ìyàwó ẹ̀ ni?”

Onílẹ́tà gbé férémù náà sílẹ̀. Ó rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Bàtà ọmọdé méjì lórí àga. Àgbọ̀n tó ń júwe.

“Ẹ ti rí i, àbí?” Ọ̀gá Sùúrù bi í jẹ́jẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun.”

“Àǹtí, èmi kọ́ ni mo yàn án.”

*

Aago ti lù méjìlá kọjá nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pàdé wọn. “Ó ti lajú. Dókítà ní yóò yè. Ọ̀fun ló máa pẹ́ kó tó jinná.” Onílẹ́tà yíjú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, ọwọ́ ṣì wà lápò.

Ọ̀gá Sùúrù na ìwé kan àti bírò sí i. “Bàbá Tíńtín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lùwé fún mi níbí, pé ẹ ò rí ike náà rí.”

“Mo ti fẹnu sọ ọ́, ọ̀gá.”

“Ìfọwọ́sí ni mo ń wá, kì í ṣe ìfẹnusí.”

“Ọwọ́ ń dùn mí.”

“Kí ló ṣe é?”

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, ó rẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ gbórí sókè. “Omi gbígbóná mọ́tò ló ta sí wọn lọ́wọ́ níjẹrin. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.”

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó,” ni dókítà wí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn, ògiri ò jẹ́ kó lọ jìnnà. Dókítà fa ọwọ́ kan jáde nínú àpò, ó tú báńdéèjì rẹ̀. Ó wò ó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

“Omi gbígbóná kì í jẹ awọ báyìí,” ló wí. “Ohun tó wà lọ́fun ọmọ yín ló wà lọ́wọ́ yín.”

Ìyá Tíńtín gbórí sókè.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí,” Ọ̀gá Sùúrù wí. “Ìkìlọ̀ ẹ̀yìn ike kò ṣe é kà. Ẹni tó ya lẹ́tà yìí mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ bó bá kéré, kò lè tò ó bẹ́ẹ̀ láé. Nítorí náà, ẹlòmíràn ló tò ó, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rín lẹ́tà ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n lò. Èkejì, A ara ike jẹ́ ti àtijọ́, tí àǹtí yìí ti pa rẹ́. Ibì kan ṣoṣo ló kù sí, inú kọ̀ǹpútà tó fi ta ọmọ yín lọ́rẹ. Ẹni tó mú un ń gbé nílé yín. Ẹ̀kẹta, ẹni tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Férémù fi ìgbọ̀nwọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó ti ń po kọ́sítíìkì kó tó dé ibẹ̀.”

“Kọ̀ǹpútà ọmọdé?” Bàbá Tíńtín rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ibì kankan. “Ìyàwó mi náà ń lò ó!”

“Èmi?” ni Ìyá Tíńtín wí. “Èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án?”

“Ike mọ́kànlá yòókù dà?” Ọ̀gá Sùúrù bi í.

Ojú Bàbá Tíńtín ń sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàábìnrin, bí ẹni tó ń ka ọdún ẹ̀wọ̀n. Onílẹ́tà wo aago ara ògiri. Aago kan ni àwọn jẹ́léósinmi ń jáde. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

“Bàbá Tíńtín,” ìyàwó rẹ̀ pè é. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ba àbúrò rẹ̀ lẹ́rù ju ariwo àárọ̀ lọ. Ọdún méje tó ti fẹ́ ẹ, kò sọ “o” sí i rí. “Níbo lo kó wọn sí?”

Ó wo ilẹ̀. “Mo gbé wọn fún obìnrin kan kó bá mi tà wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́léósinmi.”

“Ibo nínú ṣọ́ọ̀bù?”

“Ó tò wọ́n...” Ó yíjú sí fèrèsé. “Ó tò wọ́n mọ́ àwọn ohun mímu.”

Ọlọ́pàábìnrin náà ti ń sáré kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n gbọ́ bí mọ́tò ṣe jáde ní géètì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ ju kí wọ́n dúró lọ. Onílẹ́tà jókòó sílẹ̀, sórí símẹ́ńtì, ó di orúnkún mú. Bàbá Tíńtín kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

“Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà níléeṣẹ́, mo rí i pé irú omi yìí, tí wọ́n fi lẹ́tà gbígbẹ kọ, eruku ló ń bò ó lórí àtẹ. Ohun tó bá rẹ́rìn-ín sí èèyàn lèèyàn ń mú. Mo háyà yàrá kan, mo pò ó. Ọ̀kan péré ni mo gbé wálé, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ta ló mọ̀ pé ọmọ máa wábẹ̀?”

“Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń béèrè ohun tó wà nínú ike,” ni dókítà wí. “Wákàtí kan.”

“Ẹ̀rù bà mí.”

Aago di kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago lù kan. Fóònù Ọ̀gá Sùúrù dún, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Ọlọ́pàábìnrin náà ń mí gúlegúle, agogo ilé ìwé ń lù lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń dún gìrìgìrì lórí pèpéle.

“Ọ̀gá, mẹ́wàá ló wà lórí àtẹ. Wọ́n ti ta ọ̀kan.”

Onílẹ́tà fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ni wọ́n tà á fún?”

“Tíṣà kan, sà. Ó ní òun fẹ́ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó bá ṣe dáadáa jù lónìí. Mo bá a nínú báàgì rẹ̀, sà. Kò tíì ṣí i. Mọ́kànlá pé.”

Nọ́ọ̀sì ń sunkún lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ìyá Tíńtín na ọwọ́ sílẹ̀ láìwo ibẹ̀, ó wá èjìká àbúrò rẹ̀ kàn, ó sì dì í mú.

Bàbá Tíńtín mí kanlẹ̀. Ó tún èjìká rẹ̀ ṣe, ó wò wọ́n yí ká bí ẹni tó ti rí ọ̀nà àbáyọ. “Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Gbogbo rẹ̀ ti pé. Ká ṣáà máa dúpẹ́. Ọmọ ò ṣáà kú.”

Ìyá Tíńtín jọ̀wọ́ èjìká àbúrò rẹ̀. Ó dìde, ó rìn dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó sì wò ó lójú. Ìgbájú náà dún gbàà láti ojú fèrèsé dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.